Bí Ẹ̀fọ́ Ṣe Ń Dùn Láìjẹ́ Pé Iyọ̀ Ló Gbé E Ró

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn olóúnjẹ wa bá ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé oṣù. A kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, kí àwọn tí kò ráyè wá lè kà á.)

  

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí ẹ̀fọ́ ṣe lè dùn lẹ́nu. Mo rí àwọn kan tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí ni wọ́n tún fẹ́ kọ́ obìnrin nípa ẹ̀fọ́, ohun tí a bá nílé ìyá wa? Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ yìí kan ìlera wa, ó sì kan àpò wa.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ìlera. Nínú wa tí a jókòó síbí, àwọn tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Wọ́n ti sọ fún wọn ní ọsibítù pé kí wọ́n dín iyọ̀ kù, kí wọ́n máa jẹ ẹ̀fọ́ dáadáa. Wọ́n á délé, wọ́n á bọ ẹ̀fọ́ lómi, wọ́n á fún un gbẹ, wọ́n á dà á sórí ìrẹsì láìsí iyọ̀, láìsí epo. Ọjọ́ kìíní, wọ́n á jẹ ẹ́. Ọjọ́ kejì, wọ́n á fi omi tì í lọ. Ọjọ́ kẹta, wọ́n á ní àwọn kì í ṣe ewúrẹ́, wọ́n á já magí mẹ́ta sí i. Gbogbo ìkìlọ̀ dókítà ti wọlẹ̀ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó lè máa jẹ oúnjẹ tí kò dùn títí ayé nítorí pé wọ́n ní kó jẹ ẹ́. Ẹ̀fọ́ tó bá dùn nìkan ni ẹnu máa gbà lójoojúmọ́.

Ti owó náà rèé. Ẹ̀yin ẹlẹ́fọ̀ọ́ mọ bó ṣe ń rí nírọ̀lẹ́, tí ewé bá ti ń rọ, tí ẹ ń pe èèyàn pé kó wá gbé méjì ní owó ẹyọ kan. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ ìsinsìnyí tó ń kọjá lọ yẹn, kì í ṣe pé wọn ò lówó ẹ̀fọ́. Wọn ò mọ bí wọ́n ṣe máa sè é kó dùn ni. Tó bá dùn lọ́wọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á padà wá.

Àwọn àgbà ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ti ẹ̀fọ́ yàtọ̀ díẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kò ní ná yín ní kọ́bọ̀.

1. OMI

Omi ló kọ́kọ́ ń ba ẹ̀fọ́ jẹ́. A máa ń ré e wẹ́wẹ́ tán ká tó fọ̀ ọ́, a tún bọ̀ ọ́ nínú omi púpọ̀, a fún un, a sì da omi náà nù. Omi tí ẹ dà nù yẹn, adùn ẹ̀fọ́ wà nínú rẹ̀. Fítámì C àti àwọn fítámì mìíràn tó ń yọ́ sínú omi náà bá a lọ. Ṣàkì ewé lásán ló kù sínú ìkòkò, ẹ wá ń wá magí láti fi dá adùn tí ẹ ti dà nù padà.

Ẹ já ewé náà, kí ẹ fọ̀ ọ́ ní odidi, omi méjì tàbí mẹ́ta, títí iyẹ̀pẹ̀ fi tán. Ẹ gbé e sínú abọ́ oníhò kí omi ara rẹ̀ ro dànù. Ìgbà tí ata bá ti wà lórí iná ni kí ẹ tó ré e. Tẹ̀tẹ̀ àti ugú kò nílò bíbọ̀ rárá tí wọ́n bá rọ̀. Ṣọkọ tó ti gbó díẹ̀ ni ẹ lè bọ̀ fún ìṣẹ́jú kan sí méjì, nínú omi tí kò pọ̀ tó ti ń hó kí ewé tó wọ̀ ọ́. Ewúro nìkan ló di dandan kí a fọ̀ ọ́ kó yó, ṣùgbọ́n ẹ má fọ gbogbo ìkorò rẹ̀ lọ. Ewúro tí kò korò mọ́, kí la wá rà á fún?

Gbúre ní tirẹ̀, omi ni gbogbo ara rẹ̀. Ẹni tó bá bu omi sí gbúre ń da omi sódò ni. Inú ìkòkò gbígbẹ ni kí ẹ dà á sí lórí iná kékeré, yóò tú omi tirẹ̀ jáde fúnra rẹ̀. Omi yẹn ni kí ẹ fi se ọbẹ̀ náà, ẹ jẹ́ kó gbẹ wọ inú ata.

Mo gbọ́dọ̀ yọ àwọn kan sọ́tọ̀ o. Ẹni tí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu, tí dókítà sọ fún pé kó bọ ẹ̀fọ́ kó sì da omi rẹ̀ nù, kó tẹ̀ lé dókítà rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Kó béèrè lọ́wọ́ wọn kó tó fi kún ẹ̀fọ́ tó ń jẹ tàbí kó tó dín in kù.

2. INÁ

Ẹ̀fọ́ tútù kò fẹ́ kọjá ìṣẹ́jú 3 sí 5 lórí iná. A máa ń gbé e kalẹ̀ láàárọ̀, ó di ọ̀sán kó ṣì wà níbẹ̀, ó ti dúdú bí ewé gbígbẹ. Ewé ní omi kíkan nínú ara rẹ̀. Tí iná bá mú un pẹ́, omi kíkan yẹn ló ń pa àwọ̀ tútù rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi dára kí ẹ má ṣe dé ìkòkò ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ tí ẹ̀fọ́ bá wọ ata, kí oru náà lè jáde lọ.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi olóúnjẹ, èyí kàn wá gan-an. Ẹ má ṣe da gbogbo ẹ̀fọ́ ọjọ́ kan sínú ìkòkò lẹ́ẹ̀kan náà. Ata díndín ni kí ẹ sè sílẹ̀. Kí ẹ̀fọ́ tí ẹ ti fọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, nínú abọ́ tí a fi nǹkan bò. Bí oníbàárà bá ṣe ń dé ni kí ẹ máa bu ata sínú ìkòkò kékeré, kí ẹ ré ẹ̀fọ́ sí i. Oníbàárà aago mẹ́ta ọ̀sán á jẹ ẹ̀fọ́ tútù bíi ti ẹni tó wá ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀.

3. KÁÚN

Mo mọ̀ pé ẹ máa ní káún ni kì í jẹ́ kí ẹ̀fọ́ dúdú, òun náà ló sì ń mú ewédú yọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n káún ń pa fítámì C àti fítámì B inú ewé, ó ń sọ ewé di pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀, ó sì ń fi adùn mìíràn sẹ́nu. Ohun kan náà tó wà nínú iyọ̀ tí dókítà ń sá fún, ó wà nínú káún. Ẹni tó yọ iyọ̀ kúrò nínú ọbẹ̀ tó wá ń fi káún sí ewédú, kò tíì yọ nǹkan kan.

Ewédú tí kò ní káún lè yọ̀ dáadáa. Ẹ mú ewé tó rọ̀, ẹ gé e wẹ́wẹ́ kó tó wọ omi. Kí omi náà kéré, kó sì ti máa hó. Ẹ fi ìjábẹ̀ jà á, ẹ fi irú sí i. Tó bá ti rọ̀, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

4. ATA LÓ Ń ṢÍWÁJÚ

Ibi tí adùn ẹ̀fọ́ ti ń wá gan-an rèé. Ẹ̀fọ́ kì í kọ́kọ́ wọ ìkòkò. Ata ló ń ṣíwájú, ẹ̀fọ́ ló ń kẹ́yìn.

Fún ìdílé ẹni mẹ́fà, ẹ wá ẹ̀fọ́ tó kún abọ́ oníhò ńlá kan. Ẹ mú tàtàṣé 3, ata rodo 2 tàbí bí ẹnu yín bá ṣe gbà á, àlùbọ́sà ńlá 2, irú ṣíbí ìmùkọ 2, edé lílọ̀ ṣíbí ìmùkọ 2, ẹja gbígbẹ kan, epo pupa ṣíbí ìmùkọ 4. Ẹ má jẹ́ kí aláta lọ ata náà kúnná jù, gígún tàbí lílọ̀ gbàgẹ̀ ló yẹ ẹ̀fọ́. Ẹ kọ́kọ́ gbé ata náà kaná lóun nìkan kí omi rẹ̀ gbẹ. Níbi yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kánjú. Ata tí omi rẹ̀ kò gbẹ, kíkan ló máa kan, ẹ á sì rò pé iyọ̀ ni kò tó.

Ẹ wá gbé epo kaná, kó gbóná, kó má ṣe rú èéfín. Ẹ má jó epo pupa di funfun. Ohun tó ń fún un ní àwọ̀ pupa yẹn ni ara wa ń sọ di fítámì A tó wúlò fún ojú, iná ńlá sì ń pa á. Ẹ rẹ́ àlùbọ́sà kan sínú epo, kó dín títí tí òórùn rẹ̀ á fi di dídùn. Ẹ da irú sí i fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ wá da ata sí i, kí ẹ máa rò ó títí tí epo á fi léfòó. Ẹja àti edé á tẹ̀ lé e. Ìgbà yìí ni kí ẹ tó ré ẹ̀fọ́ sí i pẹ̀lú àlùbọ́sà kejì. Ẹ yí i pọ̀, ìṣẹ́jú 3 sí 5, ó parí.

Ẹ kíyè sí i pé mi ò tíì dárúkọ iyọ̀.

Epo náà kò gbọdọ̀ pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ẹ má yọ ọ́ kúrò pátápátá. Díẹ̀ nínú fítámì inú ẹ̀fọ́, epo ló ń gbé e wọ ara. Ẹ̀fọ́ tí kò ní epo rárá, ara kì í rí i lò tán.

5. IRÚ

Ẹ̀yin onírú wa, ẹ dìde ká rí yín! Ẹ ò mọ ohun tí ẹ ń tà.

Èso igi irúgbá tí a sè fún ọ̀pọ̀ wákàtí, tí a bó, tí a tún sè, tí a wá bò mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kó lè rà, òun ló ń di irú. Nínú rírà yẹn, èròjà tó ń mú ara dàgbà nínú èso náà á fọ́ sí wẹ́wẹ́, adùn á sì jáde. Ní ọdún 1908, ọ̀mọ̀wé ará Jàpáànù kan, Kikunae Ikeda, wádìí ohun tó ń mú omi ọbẹ̀ ewé inú òkun wọn dùn. Ohun tó rí níbẹ̀ ni wọ́n sọ di èlò funfun tí a mọ̀ sí ajínómótò. Ohun náà gan-an wà nínú irú. Kí ọ̀mọ̀wé yẹn tó wádìí, àwọn ìyá ńlá wa ti ń bò ó mọ́lẹ̀ nínú igbá.

Torí náà, ẹni tó bá fi irú tó pọ̀ tó, tó sì dín in nínú epo, kò ní wá magí. Ẹ ṣa òkúta inú rẹ̀, ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ díẹ̀. Ẹ sì béèrè lọ́wọ́ onírú bóyá ó fi iyọ̀ sí i, nítorí àwọn kan máa ń fi iyọ̀ sí irú pẹ̀tẹ̀ kó má bàa tètè bàjẹ́. Ẹni tí wọ́n ní kó sá fún iyọ̀, irú wóró tí kò ní iyọ̀ ni tirẹ̀.

Àwọn alábàárìn irú náà wà: edé, ẹja gbígbẹ, olú, àti tòmátì tí omi rẹ̀ ti gbẹ dáadáa. Ẹ tọ́ ẹja náà wò ná, torí àwọn kan ti ní iyọ̀ lára láti ilé ayangbẹ. Atalẹ̀ díẹ̀, aáyù díẹ̀, àti ewé efinrin kan tàbí méjì tí a jù sí i lẹ́yìn tí a bá ti sọ̀ ọ́, wọ́n ń mú kí ẹnu gbàgbé iyọ̀.

6. IYỌ̀ ÀTI MAGÍ

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má ṣe tó gíráàmù 5. Ìyẹn ò tó ṣíbí ìpotíì kan tó kún déédéé, fún àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́ lápapọ̀. Búrẹ́dì wà nínú rẹ̀, indomie wà nínú rẹ̀. Magí náà, iyọ̀ ni nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ní òun ò jẹ iyọ̀ mọ́, tó ń já magí mẹ́rin sí ọbẹ̀, iyọ̀ ló ṣì ń jẹ.

Tí ẹ bá máa fi iyọ̀ sí ẹ̀fọ́, ìparí ni kí ẹ fi í sí i, lẹ́yìn tí ẹ bá ti tọ́ ọ wò. Iyọ̀ tó bá wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀ máa ń rì sínú ọbẹ̀, ẹ á tún fi òmíràn kún un. Èyí tó wọlé kẹ́yìn, orí ahọ́n ló ń wà, díẹ̀ sì ti tó.

7. ỌSÀN WẸ́WẸ́

Tí ẹ̀fọ́ bá dà bí ẹni pé ó ṣe pẹ̀lẹ́ lẹ́nu, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ ààbọ̀ sí i kí ẹ tó sá lọ bá iyọ̀. Á ta jí. Ṣùgbọ́n ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kúrò lórí iná ná, kíkan rẹ̀ kò gbọdọ̀ bá iná pàdé lára ewé. Ọsàn náà tún ń ran ara lọ́wọ́ láti gba èròjà tó ń sọ ẹ̀jẹ̀ di púpọ̀ láti inú ẹ̀fọ́. Ẹ̀yin aboyún, ẹ gbọ́ o. Tíì tí ẹ máa ń mu lé oúnjẹ lórí, ẹ jẹ́ kó tó wákàtí kan kí ẹ tó mu ún, nítorí ó ń dí ohun rere yẹn lọ́wọ́.

8. EWÉ TÓ YẸ ARA WỌN

Tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́, ṣùgbọ́n òun náà ń fẹ́ ẹnì kejì. Ewúro díẹ̀ nínú ugú púpọ̀, ìkorò rẹ̀ á di adùn. Gbúre tó ń yọ̀ bá ṣọkọ tó le díẹ̀ lọ. Ebòlò ní òórùn tirẹ̀, ẹ̀gúsí ló mọ̀ ọ́n gbé. Ẹ̀yin tó ń ta kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì, ẹ sọ fún oníbàárà pé kó má fi omi púpọ̀ sè é. Kó dín àlùbọ́sà nínú epo díẹ̀, kó da kárọ́ọ̀tì sí i, kí kábéèjì tẹ̀ lé e, kó wọ́n omi díẹ̀ sí i, kó dé e fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí méje. Ẹ̀pà lílọ̀ ṣíbí kan níkẹyìn, ọmọdé á bèèrè sí i.

9. FÚN Ẹ̀YIN TÍ Ẹ Ń TÀ Á

Ẹ má ṣe fi omi gọ́tà wọ́n ẹ̀fọ́. Omi tó mọ́, àpò tí a rẹ sómi, àti òjìji, ìyẹn ló ń mú un dúró. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbẹ̀ ọjọ́ tó fín oògùn sóko kẹ́yìn.

Nígbà tí ọmọbìnrin kan bá dúró níwájú yín tí kò mọ èyí tó máa rà, ẹ má kàn pariwo iye. Ẹ bi í léèrè pé, "Kí lo fẹ́ fi jẹ, ọmọ mi?" Tó bá ní iyán ni, ẹ fi ṣọkọ àti gbúre lé e lọ́wọ́ pọ̀. Ẹ sọ fún un pé kó má bu omi sí i, kó lọ sọ́dọ̀ onírú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Onírú náà á rí tirẹ̀, aláta á rí tirẹ̀. Ohun tó gbà yín kò ju ìṣẹ́jú kan lọ.

ÀWỌN ÌBÉÈRÈ

Ìyá kan láti ìsọ̀ àwo: "Tí kò bá sówó ẹran àti ẹja ńkọ́?"

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kí irú pọ̀ sí i, kí olú wọ̀ ọ́, tàbí ẹ̀gúsí díẹ̀. Ẹ fọ́ ẹyin kan sí i tó bá wà. Ata tó dín dáadáa kò mọ̀ pé ẹran ò sí.

Ọ̀kan nínú àwọn aláṣọ: "Ọkọ mi ò fẹ́ gbọ́ òórùn irú."

Ìdáhùn: Òórùn irú tútù ni kò fẹ́. Ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ẹ lọ̀ ọ́ mọ́ ata, ẹ dín in pẹ̀lú àlùbọ́sà. Á jẹ ẹ́, á sì bi yín pé kí lẹ fi sí i.

Ìyá ọlọ́mọ kan: "Àwọn ọmọ mi máa ń ṣa ẹ̀fọ́ sí ẹ̀gbẹ́ abọ́."

Ìdáhùn: Ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ dà á sínú ẹ̀wà rírò tàbí ẹyin díndín nígbà tó bá kù díẹ̀ kó jinná. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú díẹ̀. Ẹ má fi nà wọ́n, ọmọ tí wọ́n fi ẹ̀fọ́ nà kò ní fẹ́ràn rẹ̀ láé.

Ẹ̀yin ìyá wa, mi ò ní fi ọ̀rọ̀ gùn yín ju báyìí lọ. Ẹni tó bá gbàgbé gbogbo rẹ̀, kó rántí mẹ́ta: ẹ dín omi kù, ẹ jẹ́ kí ata gbẹ, ẹ fi irú ṣáájú iyọ̀. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ ní alẹ́ òní, ká lè jọ sọ̀rọ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹ̀jẹ̀ wa ò ní ru o. Ewé wa ò ní rọ lọ́jà. Ọjà á tà, àlàáfíà ni a ó fi máa náwó rẹ̀.